Ilá ìyàwó mi nínú ilé ìjàpá

"Oòrùn tó bá ti wọ ilé yìí, kò ní rọ́nà jáde mọ́."

Ọ̀rọ̀ Délé àna mi nìyẹn láàárọ̀ yìí. Ẹnjiníà ni. Ó dúró lẹ́yìnkùlé wa ní Castle Hill nílẹ̀ òyìnbó níbí bíi gómìnà tó ń ṣí afárá. Àpótí onígíláàsì ló kàn fún ìjàpá Tomi ọmọ rẹ̀, kí òtútù má bàa pa á.

A pàtẹ́wọ́ fún un, ó bá tiẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó máa fi dé nírọ̀lẹ́, ilá ti ń fà lẹ́nu ìjàpá. Ilá tí ìyàwó mi gbìn fúnra rẹ̀ ni. Ó ti rẹ́ ẹ, ó sì ti sá a sínú àpótí yẹn, ká lè rí i jẹ nígbà òtútù.

"Mọ́mì, ilé ìjàpá lẹ sá ilá sí?"

"Bàbá Tomi, ìwọ lo ní oòrùn ò ní jáde níbẹ̀. Ṣé kí n lọ sá a sínú fìríìjì ni?"

"Mọ́mì, sáyẹ́ǹsì ni mo ṣe o."

"Mo gbọ́. Sáyẹ́ǹsì rẹ ti jẹ ilá mi tán."

Ẹnjiníà wo èmi tíṣà. Èmi náà wo ìjàpá. Ìjàpá ò wo ẹnì kankan.

Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: kí la fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà nígbà tí òtútù bá dé?