Àjẹ̀ Dúró, Ẹja Jóná

Ẹni tó bá wà nítòsí ààrò, kó sún mọ́ iná díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń kọjá lórí afárá, kó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ti Adétutù ni, ọmọ Dèbórà tó ń yan ẹja ní Òde-Ugbò.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ní Igbókọ̀dá lónìí, tí ẹ ní ilé Adétutù lẹ̀ ń lọ, awakọ̀ kò ní béèrè pé Adétutù wo. Yóò kàn rẹ́rìn-ín ni, yóò ní, "Àjẹ̀ Dúró, àbí?" Orúkọ tí omi fún un nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ilé orí òpó ni wọ́n bí i sí, omi lábẹ́, omi níwájú. Láti kékeré, ìtàn tí wọ́n bá pa fún un lábẹ́ òṣùpá, kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ìtàn ìfẹ́ ló gbájú mọ́. Inú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń kọ ọ́ sí. Lọ́sàn-án, tí àwọn obìnrin bá ti to ẹja sórí ààrò, tí èéfín ń ta wọ́n lójú, Adétutù yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa ka ohun tó kọ sí wọn létí. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á ní ó ṣeun, wọ́n á sì yí ẹja wọn.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó kó ìwé mẹ́ta pọ̀, ó gbé wọn lọ bá Ìyáàfin Ọlábọ̀dé ní Igbókọ̀dá. Obìnrin yìí ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lẹ́yìn ọjà, ìwé ìtàn Yorùbá ló ń tẹ̀. Ó kà á díẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, o gbọ́ Yorùbá, ìyẹn ò níyàn jíjà nínú. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú ìwé yìí, ẹja tí wọn ò fi iyọ̀ sí ni. Ojú ìwé kejì, ọkùnrin ti ní 'mo nífẹ̀ẹ́ rẹ'. Ojú ìwé kẹta, obìnrin ti gbà. Ojú ìwé kẹrin, ìyàwó ti délé ọkọ. Kí ni kí n wá máa ka èyí tó kù sí?"

"Wọ́n ṣáà fẹ́ràn ara wọn ni, mà."

"Kí wọ́n máa fẹ́ràn ara wọn lọ́hùn-ún! Èmi tí mò ń kà á ńkọ́? Ṣé o máa ń wo eré orí tẹlifíṣọ̀n?"

"Kì í ṣe gbogbo ìgbà, mà. A ò ní in nílé."

"Wá ibi tí o ti máa wò ó. Má kàn máa bá wọn sunkún o. Wo ohun tí wọ́n ń ṣe tí ènìyàn kì í fi í lè dìde lórí àga. Kọ òmíràn, kí o gbé e wá kí ọdún Àjíǹde tó dé. Bí kò bá ti dé nígbà náà, má wulẹ̀ dààmú ara rẹ mọ́."

Ọ̀rọ̀ Àjíǹde yìí wọ Adétutù lára, nítorí Dèbórà, Ìyé rẹ̀, ti bá Godwin, àbúrò Dèbórà, sọ̀rọ̀, ẹni tó ń ta aṣọ ní Èkó. Wọ́n ti fẹnu kò pé bí ìwé kò bá jáde, lẹ́yìn Àjíǹde ni Godwin yóò wá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Adétutù kò kórìíra Èkó. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá kúrò létí ààrò yìí, ìtàn òun tán nìyẹn.

Kọ́lájọ ló ní tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù ládùúgbò wọn. Inú àgọ́ onípákó ló gbé e sí, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn àgọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń rọ́ lọ. Adétutù bá wọn jókòó.

Ọmọbìnrin inú eré náà ń fẹ́ ọmọ ọ̀tá bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan síra wọn. Ọkùnrin yóò gbé omi fún un, ìka yóò kan ìka, omi yóò dànù díẹ̀. Bí ẹnu bá fẹ́ ṣí báyìí, ìyá yóò yọjú, tàbí kí fóònù dún. Lọ́jọ́ yìí, ọkùnrin wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin wà nínú yàrá, ó ń wo ilẹ̀kùn. Ó rìn sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ lé e...

Jẹnẹrétọ̀ Kọ́lájọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.

"Yéè! Kọ́lájọ, o pa wá!"

"Epo ló tán, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ má bínú."

"Epo kẹ̀? Àbí omi lò ń bù sí i?"

"Bó bá jẹ́ omi ló ń mu ni, ṣé yóò kú láéláé ní Ugbò níbí?"

Wọ́n fi èébú àti ẹ̀rín jáde. Lórí afárá pákó, ìjà bẹ̀rẹ̀.

"Yóò ṣí i."

"Kò ní ṣí i. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ò bá ti ṣí i kó tó kanlẹ̀kùn!"

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, wọ́n ṣì ń sọ ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó wá ra ẹja láti Araromi bá wọn dá sí i, kò sì wo eré rárá. Adétutù ń gbọ́, ó ń rò ó. Iná kú mọ́ eré yìí lójú, síbẹ̀ kò sí ẹni tó bínú sí eré. Kọ́lájọ ni wọ́n bínú sí. Ibi tí iná kú sí gan-an ni eré ti wọ inú wọn. Olúkúlùkù ló ti ṣí ilẹ̀kùn náà lọ́nà tirẹ̀. Òun tí òun ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún wọn láti ojú ìwé kejì, kí lòun fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbọ́?

Ó mú ìwé tuntun. Ó kọ ìtàn Dáfídì, apẹja láti Molutehin, àti Promise, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń bá bàbá Dáfídì jà lórí ibi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí. Kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó ń fi ènìyàn dí wọn lọ́nà, ó ń fi òjò dí wọn. Nígbà tó débi tí ó dùn mọ́ ọn jù, ó ka ìyẹn sí wọn létí ààrò:

"Dáfídì ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó dìde dúró nínú ọkọ̀. Promise náà dìde, ó yíjú padà, ó sáré bá a, wọ́n sì dì mọ́ra wọn pinpin."

Dèbórà kò gbójú sókè lórí ẹja. "Wọ́n ti kú."

"Ta ló kú, Ìyé?"

"Àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ ti dà wọ́n sómi. Lọ kọ ìsìnkú wọn."

Ẹ̀rín gba gbogbo etí ààrò. Ẹnìkan ní, "Ó sáré nínú ọkọ̀! Ṣé ọkọ̀ ojú irin ni?" Òmíràn ní, "Ọmọ Ìlàjẹ wo ló bí irú èyí?"

Ojú ti Adétutù, ó wọlé. Òun tí wọ́n bí sórí omi, òun ló gbé ọmọ omi dìde nínú ọkọ̀ kékeré! Ó rí i pé òun ti kó ẹrù tẹlifíṣọ̀n wálé, òun sì gbàgbé ọgbọ́n rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ará inú tẹlifíṣọ̀n lè dì mọ́ra nítorí pé ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n dúró lé.

Lọ́jọ́ kejì, Dèbórà rán an lọ ra púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ, ní òdìkejì odò. Ọlọ́rundáre, ọmọ agbẹ́kọ̀, ló gbé e. Ẹ mọ bí a ṣe ń jókòó: atukọ̀ wà ní ìdí ọkọ̀, ẹni tí wọ́n gbé wà níwájú, ó kẹ̀yìn sí i. Nígbà tó rà á tán tí wọ́n ń padà bọ̀, àjẹ̀ ń wọ omi, ó ń jáde. Ó ń wọ omi, ó ń jáde. Lójijì, kò wọ omi mọ́.

Adétutù kò lè yíjú padà, ọkọ̀ kékeré ni. Ó kàn mọ̀ pé ẹ̀yìn ọrùn òun ti gbóná. Ọkọ̀ ń dá lọ fúnra rẹ̀ láàárín òṣíbàtà, omi ń kán láti etí àjẹ̀, tó, tó, tó.

"Omi ń fà," Ọlọ́rundáre wí.

"Ó ń fà," Adétutù dáhùn.

Àjẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Ugbò. Púpurú tó rà, ó gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó dé ilé, ó fa ojú ìwé tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lánàá ya nínú ìwé, ó sì kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ méjì sókè: àjẹ̀ dúró.

Nígbà tó tún kà á létí ààrò, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó ka bí Promise ṣe jókòó níwájú tí kò lè wẹ̀yìn. Ó ka omi tó ń kán létí àjẹ̀. Ó ní Promise rọra na ọwọ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ́ ọwọ́ náà sí etí ọkọ̀, ó sì ń dúró. Nígbà náà ló pa ìwé dé.

Ẹnìkan sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ṣé ó fi ọwọ́ kàn án?"

"Adétutù, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa o!"

"Ìwọ náà ti di Kọ́lájọ!"

Òórùn kan wá gba ibẹ̀. Ẹja Dèbórà ló ń jóná. Dèbórà, tó ti ń yan ẹja fún ogójì ọdún tí ẹyọ kan kò jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, ló jókòó tó gbé ọwọ́ lérán, tí odindi ààrò kan ń di èédú níwájú rẹ̀. Ó wo ẹja, ó wo ọmọ rẹ̀. Kò bínú.

"Gbé e lọ sí Igbókọ̀dá," ó ní. "Lọ́la."

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí ó di Àjíǹde. Ìyáàfin Ọlábọ̀dé wo iwájú ìwé, ojú rẹ̀ yí padà. Adétutù kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

"Àjẹ́ dúró? Ìtàn ìfẹ́ ni mo ní kí o kọ, o wá kọ ti àjẹ́?"

"Àjẹ̀ ni, mà! Èyí tí a fi ń wa ọkọ̀!" Adétutù gba bírò, ó fi àmì sí i kíákíá.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Oníbàárà wọlé, kò dá a lóhùn. Ó ka ìwé kìíní tán, ó ka ìkejì, ó débi tí Promise na ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, òfo ni. Ó tú àpò Adétutù wò.

"Ìyókù dà?"

"Ó wà nílé, mà." Adétutù tẹríba. "Epo ló tán."

Ó yé Ìyáàfin Ọlábọ̀dé pé bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń kú mọ́ eré lójú ló ń wí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́, ó gbọn ọwọ́ Adétutù bí ẹni ń kí àgbà. Ẹ̀rù omi ń ba obìnrin yìí, gbogbo Igbókọ̀dá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rí i nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ugbò, ó di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń bọ̀ wá ka ìyókù. Létí ààrò Dèbórà ló jókòó kà á tán, ibẹ̀ náà ló ti ní òun yóò tẹ̀ ẹ́. Godwin wá lẹ́yìn Àjíǹde lóòótọ́. Ẹja yíyan ló gbé padà sí Èkó.

Bí ẹ bá bi Adétutù léèrè pé ta ni Dáfídì inú ìwé, ìwé ni yóò pa dé. Bí ẹ bá bi Ọlọ́rundáre, àjẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa wò.

Nígbà tí ìwé jáde, Dèbórà wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí kò mọ̀ rí ń jà níwájú rẹ̀, ìwé náà wà láàárín wọn. Ọ̀kan ní Promise kò yẹ kó na ọwọ́. Èkejì ní bí kò bá nà á, ta ni yóò nà á? Dèbórà gbọ́ títí, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó fọwọ́ lu àyà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àjẹ̀ yẹn dúró. Ẹja tèmi ló jóná sí i!"