Láníyì Aránfìlà àti Ìwé Tí Kò Dẹ́rù Bà Á

Bí ẹ bá dé Ọ̀wọ̀, tí ẹ ń wá ṣọ́ọ̀bù Láníyì aránfìlà, ẹ sáà máa tẹ́tí. Ẹ ó gbọ́ ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀. Àbúrò mi ni. Èmi Veronica ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò tíì sí ohun kan láyé yìí tó gbà pé ó ń ba òun lẹ́rù. Irọ́ ló sì ń pa. Láníyì tí mo mọ̀ kì í lè gba ẹ̀gbẹ́ òkú ewúrẹ́ kọjá.

Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta báyìí. Ọwọ́ àbúrò bàbá wa ló ti kọ́ṣẹ́ fìlà, iṣẹ́ náà sì gbà á. Orí tó bá ti fi téèpù yí ká lẹ́ẹ̀kan, fìlà rẹ̀ kì í fún, kì í sì í bọ́ sójú. Ìyàwó rẹ̀ kú láìbímọ ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń yọ Ọlọ́run lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kó fún un ní ẹlòmíràn, torí pé ọbẹ̀ tí mò ń bù lọ fún un lójoojúmọ́ ti sú mi.

Ọlọ́run dá mi lóhùn, ó rán Margaret sí àdúgbò wa. Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni, opó ni òun náà, ó ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé girama kan níbí. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ìwé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ìdajì wọn ló sì jẹ́ ti Dùnsìn Akínbọ̀wálé, ọmọ Ìfọ̀n tó ń gbé Èkó, tó ń kọ ìtàn adẹ́rùbani. Tọmọdé tàgbà ló ń ka ìwé ọkùnrin yẹn. Margaret bẹ̀rẹ̀ sí í yá wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì yá, ó di pé a ń jókòó síwájú ilé mi ní ọ̀sán Sátidé, tí kálukú ń sọ bó ṣe rí ìwé náà sí.

A kò pọ̀. Margaret wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Alàgbà Sylvanus, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò tíì ka ìwé kan rí tí kò bá àṣìṣe nínú rẹ̀. Firdaus tó ń ta káàdì fóònù kì í ka orí kan parí láìsunkún. Láníyì ló ṣe ìkarùn-ún, a kò pè é, òun ló gbé àga rẹ̀ wá. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwé ló ń wá.

Ẹ wá gbọ́ èrò Láníyì nípa ìwé. Èyí tó dá lórí kànga, ó ní ìtàn ọmọdé ni. Èyí tó dá lórí ìyá arúgbó tó ń pe orúkọ èèyàn láti inú àgbàdo, ó ní oorun ló gbé òun lọ níbi tí òun ti ń kà á. Á na ẹsẹ̀, á gbọn orí, á ní kí Akínbọ̀wálé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani. Margaret á kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, á gba ìwé rẹ̀ padà.

Èmi tí ilé mi kọjú sí tirẹ̀ ni kí ẹ bi. Láti oṣù Keje ni iná yàrá Láníyì kò ti kú mọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, á tan tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó ka ìwé kànga yẹn, ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní eku wọ yàrá òun, ó sì sùn sórí ẹní ní pálọ̀ mi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Eku wo ló ń gbé ọ̀sẹ̀ kan? Nígbà tí mo fi ń rín in, ó kúnlẹ̀, ó fi ìyá wa tó ti sùn bẹ̀ mí pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní obìnrin wo ló máa fẹ́ ọkùnrin tí ìwé ń lé kúrò nílé. Èmi ọ̀dẹ̀ àgbà bá búra.

Ìbúra yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí. Ní ọjọ́ kan tí èmi àti Margaret jọ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ó tú ọkàn rẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Aǹtí, mo fẹ́ràn àbúrò yín, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọkọ mi tó kú, kò sí ohun tó ń wọ̀ ọ́ lára. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún, ẹ̀rù kì í bà á. Bí ẹni ń bá ògiri gbé ni mo ṣe wà. Mi ò lè tún bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀."

Ó ní wọ́n fẹ́ gbé òun padà sí Àkókó bí táàmù bá ti parí, òun sì ti fẹ́ gbà. Ẹnu ń yún mi débi pé mo fi ẹ̀wà dídáa sínú ìdọ̀tí. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Láníyì, mo ní kó lọ sọ òtítọ́ ara rẹ̀ fún obìnrin yìí, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní ṣe ni mo fẹ́ ba ọjà òun jẹ́. Mo bínú, mi ò bu ọbẹ̀ fún un ní ọjọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún Igogo ṣe dé. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀ lè má mọ̀: títí Igogo yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, agogo là ń lù, a kì í lu ìlù, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Láníyì a máa kó gbogbo fìlà rẹ̀ sínú páálí, á wá ráàyè kàwé. Ìwé tí Margaret sì mú wá nígbà náà ni Ẹni Tí Kì Í Ṣí Fìlà. Ọ̀wọ̀ níbí ni Akínbọ̀wálé fi ìtàn náà sí, nínú Igogo gan-an. Ọkùnrin kan dé ìlú, ó dé fìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó gẹ̀ sápá ọ̀tún, kò sì jẹ́ ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wá ṣí i, kò sí orí lábẹ́ rẹ̀.

Ní Sátidé tí a jókòó lé e, Alàgbà Sylvanus ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀. Ó ní àṣìṣe ńlá nìyí, pé ta ló ń dé fìlà nínú Igogo, pé Èkó ti mú Akínbọ̀wálé gbàgbé ilé. Firdaus ní rárá o. Ó ní ibi tí ọkùnrin náà ti yọ pẹ̀lú fìlà lórí ni òun ti mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn. Ará ibòmíràn á kà á títí dé ìparí kó tó mọ̀, àmọ́ àwa ọmọ Ọ̀wọ̀, láti ìlà àkọ́kọ́ lẹ̀rù ti bà wá. Margaret pàtẹ́wọ́ fún un, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní bí òun náà ṣe rí i nìyẹn. Ó wá yíjú sí Láníyì, ó ní kí oníṣẹ́ fìlà fúnra rẹ̀ sọ tirẹ̀.

Láníyì na ẹsẹ̀. Ó ní bí ọkùnrin yẹn bá wọ ṣọ́ọ̀bù òun, òun á wọn orí rẹ̀, òun á sì ta òmíràn fún un.

Margaret bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú báàgì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Inú bí mi sí ọmọ ìyá mi débi pé omi lé sí mi lójú.

Láníyì dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ti ṣọ́ọ̀bù òun ní òdìkejì títì. Kò tíì pẹ́ tó wọlé tí ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ibẹ̀. Ó dé fìlà. Àwọ̀ ilẹ̀ ni, ó sì gẹ̀ sápá ọ̀tún. Kí n tó lanu, ọkùnrin náà ti wọlé.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn èyí, bí mo bá di arúgbó kùjọ́kùjọ́, n kò ní gbàgbé. Láníyì gba abẹ́ apá ọkùnrin náà já síta, téèpù lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán, ó ki eré mọ́lẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ọlọ́kadà bú u ní àbúgbẹ́. Ẹ̀yìn àga Margaret ló sá sí, ó di àga náà mú pinpin.

Ó ní, "Ó fẹ́ ṣí i. Ó fẹ́ ṣí i."

Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e, fìlà lọ́wọ́, orí pípá rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Orí wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ tóbi. Ó ní Ìfọ̀n ni òun ti ń bọ̀, pé òun fẹ́ rán fìlà ìgbéyàwó ọmọ òun, pé bí òun ṣe ní kí oníṣẹ́ bá òun wọn orí, tí òun fọwọ́ kan fìlà láti ṣí i, ni ó fò. A ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Igogo fún un, ó tọrọ gáfárà, ó ki fìlà bọ àpò. A wá ń wá Alàgbà Sylvanus, ẹni tó ní àṣìṣe ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi la ti rí i.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Firdaus. Láníyì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbórí sílẹ̀, ó fẹ́ rọra kọjá lọ. Margaret yí àga rẹ̀ padà, ó dí i lọ́nà.

Ó ní, "Bọ̀dá Láníyì, ṣé ìwé yìí bà yín lẹ́rù?"

Láníyì wò mí. Mo gbójú sápá kan. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Gbogbo wọn ló bà mí lẹ́rù, Tíṣà. Mi ò tíì pa iná sùn láti oṣù Keje. Mo tún ń yá wọn torí kí n lè rí yín."

Margaret gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kó jókòó, kó sọ ibi tí ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà á nínú èyí tó dá lórí kànga. Láníyì jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, láti ibi okùn tó ń mì láìsí afẹ́fẹ́. A kò mọ̀ pé ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú. Oníbàárà rẹ̀ láti Ìfọ̀n náà fa àga, ó gbàgbé pé ilé ń dúró de òun. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Margaret kò lọ sí Àkókó mọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, èmi kò sì gbé ọbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun kan ṣoṣo ló ń yà mí lẹ́nu: iná yàrá wọn kì í kú síbẹ̀. Mo wá bi ìyàwó wa pé ṣé ọkọ rẹ̀ kò tíì kọ́gbọ́n ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bo ojú.

Ó ní, "Aǹtí, èmi ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdébìnrin ni mi ò ti lè pa iná sùn nítorí ẹ̀rù. Ọkọ mi àkọ́kọ́ ló máa ń pa á."