Irun Tó Fi Sílẹ̀ Dè Mí

Mo fi ìlarun ya irun náà láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ìdì kan sì bá ìlarun jáde. Mi ò fà á rárá. Mo wo irun tó wà lọ́wọ́ mi, mo wo ibi tó ti kúrò, mo sì figbe ta.

Ìyá onídìrí agboolé wa ní Ìsẹ́yìn ló ni irun náà. Bí mo ṣe wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, mi ò mọ ọmọbìnrin tí kò jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Òórùn òrí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òfì àwọn ahunṣọ bá ń dún lẹ́yìnkùlé, tí ọmọ kan ń mirí, á ní, "Ṣé orí rẹ nìyí ni àbí ti àgbò? Jókòó jẹ́ẹ́!" Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a tú irun tirẹ̀, nítorí ó ní ọwọ́ mi rọ̀.

Ọdún yẹn ni kókó yọ sí i lọ́yàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún un nílé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn ló ń mú irun rẹ̀ jábọ́. Kí n tó mú ìlarun lọ́jọ́ náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ike kan fún mi.

"Èyí tó bá bọ́, kó o kó o síbí, màá rì í mọ́lẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o. Ta ló máa gbé orí ọmọ rẹ̀ wá fún onídìrí tí kò nírun?"

Mo ní mo ti gbọ́. Síbẹ̀, mo ké, àwọn obìnrin agboolé sì já wọlé. Ó ń tá ràrà wá gèlè rẹ̀ lórí ẹní.

Kí Iléyá tó dé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dá páropáro. Wọ́n ní ohun tó jẹ irun rẹ̀ lè tọwọ́ rẹ̀ ran ọmọ. Ìyá mi pàápàá mú mi lọ sọ́dọ̀ onídìrí mìíràn, iwájú ìyá onídìrí wa la sì gbà kọjá.

"Ẹ kú ìmúra ọdún o," ló wí. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Nígbà tí wọ́n dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, irun náà hù padà, ó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ó ti tó dì, pé èmi lòun fẹ́ kí n kọ́kọ́ bá òun dì í. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ. Lónìí, mo ń lọ pọnmi. Lọ́la, mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé. Wọ́n ní kò gbà kí ẹlòmíì bá a dì í.

Àìsàn náà padà nígbà ọyẹ́, ìyá náà kò sì dìde mọ́. Àwọn obìnrin tó wẹ òkú rẹ̀ ló di irun náà sí ọ̀nà mẹ́ta, bí a ti ń ṣe fún òkú obìnrin Mùsùlùmí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn.

"Irun tó dára báyìí! Ṣé kò rẹ́ni bá a dì í ni?"

Mo ti dirun fún àwọn ọmọ mi, mo ti ń di ti àwọn ọmọ wọn báyìí. Wọ́n ní ọwọ́ mi rọ̀. Bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀, ojú a tì mí, torí mo mọ orí tó yẹ kí ọwọ́ náà kọ́kọ́ dì.