Ẹ̀rọ Atọ́nà àti Ọ̀nà Tí Wọ́n Ní Kò Sí

Olórí ẹ̀ka ìyàwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ní Àbújá, bí mo bá sì rántí rẹ̀, òórùn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Òórùn kẹ́míkà tí a fi ń tẹ àwòrán ni, tó ń ta èèyàn nímú bí ìtọ̀ ìjẹta, tó ń mú ojú ṣomi. Yàrá ìtẹ̀wé wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, tábìlì tèmi sì kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an. Ìwọ tí a jọ lo ìgbà yẹn mọ bí ìlú yìí ṣe rí nígbà náà: erùpẹ̀ pupa, katapílà, àti òpó iná tí kò tíì ní wáyà. Iṣẹ́ wa ni láti rìn wọ àwọn abúlé, ká kọ ibi tí ọ̀nà wà sínú ìwé, ká sì padà wá yà á sórí bébà. Èmi nìkan ni obìnrin tó ń wọ igbó nínú wa. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọkọ mi lọ, ọkọ mi náà sì mọ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ba ayé mi jẹ́. Lẹ́yìn Lugbe, mo rí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta ńlá kan, tó ré odò kékeré kọjá lórí òkúta mẹ́ta, tó sì já sí ẹ̀yìn abúlé kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn ín, mo ka ìṣísẹ̀ mi, mo yà á. Nígbà tí àwòrán náà dé iwájú olórí ẹ̀ka, ó ní òun ti rán ẹnì kan lọ wò ó, kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ó ní ṣe ni mo jókòó sábẹ́ igi tí mo fa ìlà tó wù mí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ dìde lé mi lórí. Ọmọ Hausa kan tó mọ iṣẹ́ dunjú ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ìwé tí mo fi kọ gbogbo ìṣísẹ̀ náà sílẹ̀ wà nínú báàgì mi, igi kọ̀ọ̀kan, òkúta kọ̀ọ̀kan. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pè mí wọlé ni olórí ẹ̀ka fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò," ó ní, "àjèjì ló kún inú yàrá yẹn. Ọmọ Yorùbá kì í tú ara wọn fó lójú àjèjì. Ṣáà sọ pé o ṣe àṣìṣe. Èmi ni màá tún un ṣe lẹ́yìn."

Ó ju mí lọ dáadáa, ọmọ Yorùbá sì ni àwa méjèèjì. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Mo wọlé, mo di báàgì mi mú, mo sì ní mo ṣe àṣìṣe. Alága ìgbìmọ̀ wò mí títí bíi pé ó ń retí pé kí n sọ̀rọ̀ sí i. Mi ò sọ nǹkan kan. Olórí ẹ̀ka kò tún nǹkan kan ṣe lẹ́yìn. Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá fáìlì, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn akọ̀wé kéékèèké sọ mí ní Ìyá Ọ̀nà-Ò-Sí. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Ohun tó burú jù ni pé ọkùnrin náà di alàgbà nínú ìjọ wa. Lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo ni mo ń fi orúnkún kanlẹ̀ níwájú rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà." Òun náà á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, á ní, "Ó dáa, àbúrò." Mo padà lọ wá ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti fọ́ àpáta tí mo fi sàmì sí i di òkúta ìkọ́lé, wọ́n ti mọ ògiri ẹ́sítéètì síwájú, mi ò sì rí ojú ibẹ̀ mọ́. Ikán ti jẹ ìwé tó wà nínú báàgì. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ? Ó dé ìgbà kan tí èmi alára bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá mo rin ọ̀nà náà rárá. Ó burú kí wọ́n pe èèyàn ní òpùrọ́. Kí èèyàn wá máa fura sí ara rẹ̀ ló pani jù.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ wa nìyí. Dókítà ló ní orúnkún mi ń fẹ́ eré ìdárayá tí kò ní í gbọ̀n ọ́n, mo sì rántí pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gùn lọ sílé ìwé nígbà ọmọdébìnrin. Ọmọ mi obìnrin pariwo títí, ó sì dákẹ́. Fóònù ni mo kọ́kọ́ dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti máa fi wo ọ̀nà, nítorí Àbújá òde òní ti kọjá èyí tí mo yà: gbogbo òpópónà ló ń yípo padà wá bá ara rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nítòsí Durumi tí mò ń gbé, ọlọ́kadà kan sá eré kọjá, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ sì já fóònù náà gbà bí ẹní já mángòrò. Mo ra fóònù mìíràn, mo sì pinnu pé inú báàgì ni yóò máa wà. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́, tó ń sọ fúnni pé yà sí ọ̀tún, yà sí òsì, ni mo fẹ́. Mo sì fẹ́ èyí tí owó ìfẹ̀yìntì lè rà.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan, ọmọ Ọ̀yọ́, ló ń ta kẹ̀kẹ́ tókunbọ̀ àti ohun èlò rẹ̀ ní Utako, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn agbèrò ti ń pe èrò sí ọkọ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Màmá, ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Èmi ni mo fẹ́ lò ó."

"Kai!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́nà, ẹ máa fọn fèrè o, ká lè sá fún yín."

"Ìwọ kọ́kọ́ fi ọjà hàn mí ná, kí o tó wá ibi tí wàá sá lọ."

Ó gbé mẹ́ta sílẹ̀. Àkọ́kọ́ kò gbówó lórí, ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń sáré tó àti bó ṣe jìnnà tó nìkan ló mọ̀. Èkejì wu ojú, ó sì ń fi ọfà hàn níbi tí wọ́n bá ti ní láti yà. Àṣé fóònù ló ń bá a ronú. Ìlà lásán ló ń fà lórí ojú dúdú, kò sí ilé, kò sí odò, bí èèyàn bá sì ṣi ọ̀nà, yóò kàn máa ké pé o ti ṣìnà ni, kò ní wá òmíràn fún ọ. Mo ní mi ò fẹ́ ohun tí yóò máa bá mi wí láìràn mí lọ́wọ́, mo ti rí irú wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ tókunbọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti họ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ wà nínú òun fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ pa, èyí sì dára fún ìka tó láàgùn. Mo gbé e síta sínú oòrùn ọ̀sán, mo ṣì rí ohun tó kọ sójú kedere. Bí èèyàn bá sì ṣi ọ̀nà, yóò tún wá ọ̀nà mìíràn fún un.

Mo bi í ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi jù. "Ta ló ya àwòrán inú rẹ̀?"

"Àwọn èèyàn náà ni, Màmá. Ẹni tó bá gba ibì kan kọjá á fà á síbẹ̀."

"Ta ló wá ń fọwọ́ sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ fọwọ́ sí i? Ẹni tó bá tún gba ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló mọ̀ bóyá irọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Èmi tí wọ́n fi ọ̀nà kan ṣoṣo lé wọ yàrá fáìlì, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wá ń ya ìlú láìsí ẹni tó ń bi wọ́n. Mo ní mi ò lè ra irú ohun bẹ́ẹ̀ láìdán an wò. Ó ní kí n fi fóònù mi ṣe ìdógò, kí n mú un lọ títí di ọjọ́ kejì. "Ibi tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kẹ́ ẹ ní kó mú yín lọ," ó ní. "Ẹ̀rọ tó bá ń parọ́, ibi téèyàn mọ̀ ló ti ń tẹ́."

Alàgbà, olórí ẹ̀ka wa àtijọ́ yẹn, ti ṣubú nínú balùwẹ̀, ìjọ sì ti ní kí kálukú lọ kí i nílé rẹ̀ ní Lugbe. Mo mọ ilé náà. Ọkọ̀ ìjọ ti gbé wa lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, láti ojú títì ńlá, gba iwájú ọjà, yípo yípo títí dé géètì rẹ̀. Mo pa iṣẹ́ méjì pọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, mo sì gbéra láti Durumi. Ó ṣe dáadáa lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ó ń ké píì kí n tó dé ibi ìyànà, ó ń ka mítà sílẹ̀ fún mi, kò sì fi ìgbà kankan tì mí sọ́nà tí wọ́n fi géètì dí. Mo ti ń gbóríyìn fún un nínú ọkàn mi.

Ọfà náà wá yí sí ọ̀tún, ọ̀nà sì ṣì jìn sí ibi tí ọkọ̀ ìjọ ti máa ń yà. Ọgọ́rùn-ún mítà. Àádọ́ta. Mo gbójú sókè: ògiri ẹ́sítéètì méjì ló wà níbẹ̀, àyè tóóró kan sì wà láàárín wọn tí mo rò pé gọ́tà ni. Mo ní, "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ irọ́." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni obìnrin Gbagyi kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, jáde láti àárín ògiri náà, ó gbé igi ìdáná lé èjìká rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń gbé e.

"Sànnu," mo kí i. Mo bi í ní Hausa bóyá ọ̀nà ni.

Ó wò mí bíi pé orí mi kò pé. Ó ní ọ̀nà odò ni, pé ìyá ìyá òun náà ló ń gbà.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Ògiri parí, igbó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ láìmọ̀. Ibi tí àpáta wà ti di kòtò, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ṣì tẹ̀ kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé ó ń yẹra fún ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo dé odò. Ẹnì kan ti da kọnkéré sí i, ṣùgbọ́n òkúta méjì ṣì wà nínú omi. Mo fi ọwọ́ kàn wọ́n. Mo wà níbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mò ń pariwo pé, "Mo rìn ín! Mo rìn ín!" sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe gòkè odò ni ẹ̀rọ náà ké pé mo ti dé. Géètì kékeré kan ló wà níwájú mi, géètì irin lára ògiri ẹ̀yìn ilé kan, ọ̀nà tó dé ìdí rẹ̀ sì ti dán fún ìrìn ẹsẹ̀ ọdún pípẹ́. Mo tì í, ó ṣí. Alàgbà ló jókòó lábẹ́ igi mángòrò, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú oòrùn, ọ̀pá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ṣẹ́jú. "Géètì ẹ̀yìn lo gbà wọlé? Ta ló fi ọ̀nà yẹn hàn ọ́?"

Mo di kẹ̀kẹ́ mi mú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò kúnlẹ̀. "Èmi ni mo fi hàn yín, sà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé kò sí."

Mò ń retí kí ó sẹ́, tàbí kí ó bẹ̀bẹ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún èyí tó bá wù kó jẹ́. Kò ṣe ọ̀kankan. Mo ra ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò sì dúnàá dúrà, ó ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ mi dòní. Mi ò kúnlẹ̀ kí alàgbà mọ́, àwọn obìnrin ìjọ sì ń sọ pé ìgbéraga ti wọ̀ mí lára lọ́jọ́ ogbó. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sí yàrá fáìlì, mo rò pé ọkùnrin náà kò gba iṣẹ́ mi gbọ́ ni. Ìyẹn ni mo ń dárí jì í díẹ̀díẹ̀, bí aláìmọ̀kan. Ìdákẹ́ tí mo dákẹ́ níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀wọ̀ ni mo pè é. Mo ti wá mọ ohun tí òun pè é. Lábẹ́ igi mángòrò lọ́jọ́ náà, ó fi ọ̀pá gbá eṣinṣin kúrò lẹ́sẹ̀, ó wo ilé rẹ̀ yíká, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bí ọ̀nà yẹn bá jáde lórí àwòrán nígbà náà," ó ní, "àwọn ọ̀gá ńlá ni ìbá pín ilẹ̀ ibí yìí láàárín ara wọn. Iṣẹ́ rẹ dára, àbúrò. Ìlà tí o fà yẹn gan-an ni mo tọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí abúlé tó ta ilẹ̀ yìí fún mi."