Àwọn Obìnrin Tó Fi Odó Ṣọ́ Ilẹ̀

Kò sí ẹyọ kan. Iye náà nìyẹn, iye tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Mowe kò fẹ́ kí n sọ síta: nínú gbogbo òpópónà tí wọ́n rì pátákó sí, kò sí ẹyọ kan tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin. Nígbà tí mo dìde sọ ọ́ nínú ìpàdé tí mo lọ dípò ìyá mi, alága ní kí akọ̀wé má kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí ọ̀mọ̀wé," ó ní, "orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀?"

Bàbá kan lẹ́yìn gbè é: "Àbí ká kúkú kọ ọ́ báyìí: Òpópónà Ìyàwó Mi!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Mo jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé ilẹ̀ kò lè sọ. Nígbà tí igbó ṣì bo ibí yìí, ilé tí kò bá ní ènìyàn nínú, àwọn ajagungbalẹ̀ á tún un tà fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ àwọn ọkọ sì wà ní Èkó. Wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ sínú ilé tí kò tíì ní ilẹ̀kùn, wọ́n ní ó di Sátidé, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi náà wà lára wọn. Ara obìnrin ni wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilẹ̀ wọn ká.

Obìnrin mẹ́rin ni wọ́n, ilé wọn jìnnà síra. Ìyá mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a bí sínú agbo ilé tí kì í dá páropáro, lè má bá àgbàlagbà kankan sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé odó sẹ́nu ọ̀nà, á máa gún un lófìfo. Kò sí iṣu nínú rẹ̀. Ó ń gún un kí ẹni tó bá fara pamọ́ sínú igbó lè mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, á dúró, á tẹ́tí. Odó kejì á dáhùn láti òkè odò, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ á pa lọ́lọ́. N kò tíì tún gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, odó òkè odò kò dáhùn. Ìyá mi tún gún tirẹ̀. Kò sí èsì. Ó pọn àbúrò mi, ó mú àdá, ó fi ọmọ odó lé mi lọ́wọ́.

"Máa gún un lọ. Má dúró o. Wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mo ti jáde."

"Màámi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Gún un."

Mo gún un títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, èmi nìkan, mo kẹ̀yìn sí yàrá tó ṣókùnkùn, mo dojú kọ igbó. Ní òkè odò, bí ìyá mi ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, àwọn ajagungbalẹ̀ ti ń wó ògiri aládùúgbò wa. Àwọn méjì yòókù náà ti ṣàkíyèsí pé odó kan kò dún, wọ́n ti sáré débẹ̀; àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó ti ògiri náà, wọ́n ní kí wọ́n wó o lé àwọn lórí. Àwọn ajagungbalẹ̀ bú wọn títí, wọ́n lọ. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọkọ tó gbọ́.

Lónìí, bí alága bá ń sọ̀rọ̀ níbi àjọ̀dún àdúgbò, "àwọn bàbá wa" ló lé ajagungbalẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Àwọn bàbá wa wà ní Èkó.

Nínú àwọn mẹ́rin náà, ìyá mi nìkan ló kù. Ó ń dá gbé inú ilé náà, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ; lẹ́tà gàdàgbà nìkan ló ṣì lè kà. Nígbà tí mo ròyìn ìpàdé fún un, mo rò pé yóò ní kí n fi wọ́n sílẹ̀.

"Ṣé wọn ò ní kọ ọ́ ni?" ó béèrè. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Orúkọ tèmi o, kì í ṣe ìyá lágbájá."

Ẹ̀yin alága àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ onílé, àwọn òpópónà òkè odò kò tíì lórúkọ. Ẹ fi orúkọ àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ wọ́n, orúkọ tí òbí wọn fún wọn. Ẹ má sọ fún mi pé ó di ìpàdé mìíràn. Tìyá mi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó ṣú tán.