Alùpùpù Pupa Tí Fàtíù Gbé

Fàtíù tó ń gbé búrẹ́dì láti Sábó lọ tà ní ilé-ìwòsàn Ṣíkà kì í ṣe ènìyàn tó ń kánjú. Mọ́sálásí kan náà la ti ń kírun, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí alùpùpù rẹ̀ kọṣẹ́ pátápátá, ó kọ́kọ́ kí ìrun istikhara, kí Ọlọ́run yan òmíràn fún un. Bí búrẹ́dì kò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ òru, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọn yóò ti rà á. Ohun tí ilé rẹ̀ ń jẹ nìyẹn.

Alùpùpù méjì ló wà lọ́wọ́ Hussain, Hausa kan tó ń ta alùpùpù ní Sàmárù. Àlòkù ni méjèèjì, irú ti àtijọ́ tí iná iwájú rẹ̀ rí roboto, tí táńkì epo rẹ̀ nípọn. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, iye kan náà. Láti àárọ̀ tó ti kọ́kọ́ wá wò wọ́n lọkàn Fàtíù ti fà sí dúdú.

Ó mú Muhyideen dání, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-kéwú, tó jẹ́ làdánì wa. Hussain ń fi Hausa pọ́n dúdú: "Mallam, wallahi, èyí ni kí o gbé. Èmi fúnra mi ló ń gùn ún."

Muhyideen rẹ́rìn-ín sí i, ó kọjú sí Fàtíù, ó yà sí Yorùbá. "Má dá a lóhùn o. Ẹ́ńjìnnì dúdú yẹn ti là, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ ni. Pupa ni kóo gbé."

"Ṣùgbọ́n mo kírun sí i, Làdánì. Dúdú lọkàn mi..."

"Ọkàn rẹ! Ọkàn tó ń fẹ́ suya lọ́sàn-án ààwẹ̀? Ẹnu ènìyàn ni Ọlọ́run ń gbà dáhùn, ìwọ yìí."

Fàtíù rẹ́rìn-ín, ó gbé pupa. Nílẹ̀ Hausa tí a wà yìí, ẹni tó bá yà sí Yorùbá níwájú ọlọ́jà, ààbò ló ń ṣe fún ọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí pupa fi kú sójú ọ̀nà Bomo pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́yìn. Kó tó rí ọkọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ti lọ. Ó gba ọ̀dọ̀ Hussain lọ, ó fẹ́ bá a jà.

"Ṣé mi ò sọ fún ọ?" ni Hussain wí. "Ọ̀rẹ́ rẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé dúdú. Ó ní ìwọ lo rán òun."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, dúdú wà lẹ́bàá ògiri mọ́sálásí, ó ń dán. Lẹ́yìn ìrun, Fàtíù dúró tì í títí Muhyideen fi jáde.

"Làdánì, o ní ó ti là."

"Wọ́n ti tún un ṣe."

"Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà?"

"Fàtíù, ṣé o kí istikhara àbí o ò kí i? Bí Ọlọ́run bá ní tìrẹ ni, ṣé èmi lè gbà á? Gba kádàrá, jàre."

Ó gun alùpùpù, ó lọ. Mo fẹ́ bá a wí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sìn wa, ohun tó sọ yẹn kì í ṣe irọ́, ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Mo sin Fàtíù délé. Mùínàt ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún un. "Bàbá Waheedat, ẹ tún kírun sí i. Ẹ bi Ọlọ́run bóyá kẹ́ ẹ tún pupa ṣe, àbí kẹ́ ẹ tà á."

"Kí n tún bi Í? Ó ti dáhùn tẹ́lẹ̀, èmi ni mo lọ gbọ́ ti ènìyàn." Ó yíjú sí mi. "Àbí kò dáhùn rárá?"

Ó gbé omi náà mu tán. Ó ní ọkọ̀ èrò lòun yóò wọ̀ lọ́la. Bí búrẹ́dì bá pẹ́, kó pẹ́.