Táyà Kan Tèmi, Táyà Kan Ti Abẹ́rẹ́

Tí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi jábọ́. Mẹ́ta péré ni wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn, nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ lè gbà mí gbọ́. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ni táyà méjì ń ṣe lára ògiri yàrá mi, nígbà tí n kò ní kẹ̀kẹ́, tí n kò ní ọkọ̀, tí n kò sì ní orúnkún tó ṣeé lò mọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tèmi. Ìkejì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kí Ó sì fún un ní ilé tó jìnnà díẹ̀ sí èyí tí Ó ń kọ́ dè mí.

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìgbòkun ló ń rán, aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń kún tí ọkọ̀ fi ń rìn lórí omi. Ẹ má rò pé nítorí iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ o. Kó tó mọ òwú í fà ni ẹnu rẹ̀ ti ń gún èèyàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tó wò mí látòkè délẹ̀ tó ní, "Màmá, ṣé torí eléyìí náà lẹ ṣe ru ikùn fún oṣù mẹ́sàn-án?"

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀. Kò sí àga níbẹ̀, kò sí tábìlì. Ilẹ̀ onípákó nìkan ni, tó ń fọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí ibẹ̀ ló ń tẹ́ ìgbòkun sí. Orí orúnkún ló ń rìn lórí aṣọ náà, débi pé awọ orúnkún rẹ̀ le ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó máa ń so awọ kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, irin pẹlẹbẹ wà láàárín awọ ọ̀hún, òun ló fi ń ti ìdí abẹ́rẹ́ wọnú aṣọ. Abẹ́rẹ́ náà gùn tó ìka mi. Tó o bá wọ bàtà wọlé, wàá rí bàtà rẹ níta kó o tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ ti ṣófo.

Èmi ní tèmi, fọkanáísà ni mí. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà ń ké bí ẹran tí wọ́n ń pa, mo sì máa ń tan án gẹ́lẹ́ tí Abẹ́rẹ́ bá fẹ́ rẹjú lọ́sàn-án. Òun náà á da omi ọṣẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà mẹ́ta ló yọ̀ ṣubú lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun lẹ ìdí òun ná kí n tó lẹ táyà.

Bàbá wa ló kan ọkọ̀ tó dá ìjà gidi sílẹ̀. Kékeré ni, kò sì rí bí ọkọ̀ yòókù: ikùn tóóró méjì ni, ọ̀pá so wọ́n pọ̀, àwọ̀n líle kan sì wà láàárín wọn tí èèyàn ń jókòó lé. Ìbejì la ń pè é. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, ibi tí Bàbá sì ń gbé e sí jìnnà sómi tó igba ìṣísẹ̀, lórí iyanrìn tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun. Bàbá wá wá ọ̀pá irin kan tó ní táyà méjì. Kì í ṣe táyà ojú títì o. Wọ́n sanra, wọ́n rí róbótó, rọ́bà wọn fẹ́lẹ́. A ó gbé imú ọkọ̀ sókè, a ó ti ọ̀pá náà bọ abẹ́ rẹ̀ títí dé ibi tí ìwúwo iwájú àti ti ẹ̀yìn ti dọ́gba, ẹni méjì péré á sì máa fà á lọ bí ẹni mú ewúrẹ́ lọ jẹko.

Nígbà tí Bàbá ń lọ, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni Ìbejì." Ó rò pé ohun tó so ikùn méjì pọ̀ á so ọmọ méjì pọ̀. Èèyàn rere ni, àmọ́ kò mọ àwọn ọmọ tó bí. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, mo yọ́ lọ síbẹ̀ láti tú táyà méjèèjì kí Abẹ́rẹ́ má baà rí ọkọ̀ náà lò. Mo bá a níbẹ̀, ó ń tú ti apá ọ̀tún. Mo tú ti apá òsì. Kálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé, a sì yan ara wa lódì.

Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Èébì máa ń gbé mi tí mo bá ti rí omi tó ju ti inú garawa lọ. N kò fẹ́ kó jẹ́ tèmi. Mo kàn fẹ́ kó má jẹ́ tiẹ̀ ni.

Òun ló nílò rẹ̀ ní tòótọ́. Kò sí ìgbòkun tó kúrò lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ó ta á sórí Ìbejì, ó gbé e lọ sójú afẹ́fẹ́, ó wo ibi tó ti dẹ̀ àti ibi tó ti fún. Torí ẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Láìsí Ìbejì, aránṣọ bí aránṣọ ni. Oṣù mẹ́rin ló fi ń bẹ àwọn apẹja mẹ́rin kí wọ́n máa fi èjìká gbé ọkọ̀ náà fún un, òun náà á bá wọn rán àwọ̀n wọn tó ya.

Lọ́jọ́ kan, ìjọba lẹ ìwé mọ́ gbogbo ọkọ̀ etíkun. Wọ́n fẹ́ mọ odi síbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ṣì wà lórí iyanrìn lágogo méjìlá ọ̀sán Sátidé, ayùn ni wọn yóò fi gé e. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé ìdajì, àwọn apẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kó tọmọtọmọ lọ sí èbúté tuntun. Kò wá sí èjìká mọ́. Táyà ló kù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá wa jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́tùn-ún rẹ̀, èmi lósì. Tí mo bá na ọwọ́, mo lè fa etí ẹ̀gbọ́n mi.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún fọkanáísà yẹn pé mo fẹ́ yá táyà ẹ̀."

"Màmá, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé táyà mi kì í lọ síbi tí èmi fúnra mi ò bá lọ."

"Màmá, ẹ ní kó máa tẹ̀ lé e bọ̀ nígbà náà, kó ṣáà pa ẹnu ẹ̀ dé. Òórùn rọ́bà ara ẹ̀ ti tó."

"Màmá, ẹ sọ fún wọn pé..."

Màmá ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé afárá letí mi ni? Bàbá yín kú, ó sinmi. Èmi lẹ wá fẹ́ máa fi gbé èébú kọjá. Ẹ lọ gbé ọkọ̀ yẹn sómi lọ́la. Tí wọ́n bá gé e, igi ẹ̀ ni mo máa fi dáná, ìkankan nínú yín ò sì ní tọ́ oúnjẹ ọ̀hún wò."

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé táyà mi sọ̀kalẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé kí táyà rọ̀ lójú èèyàn, ìhòòhò fọkanáísà ni. Mo tan ẹ̀rọ, mo fẹ́ ẹ títí ó fi le bí orí olóríkunkun. Tí mo bá fìka gbá a, ó ń dún gbìn-ìn. Mo ní lọ́la, wọ́n á rí táyà.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé la gbéra. Akọ̀wé etíkun dúró tòun ti ìwé rẹ̀. Agégi tí wọ́n háyà jókòó lórí garawa, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Táyà Abẹ́rẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Tèmi ń walẹ̀ bí ọkọ́. Bí a bá ti fà á síwájú, apá ọ̀tún á sáré, apá òsì á rì, Ìbejì á sì yí padà sósì. A tọ́ ọ. Ó tún yí. A fi ọkọ̀ kọ òǹkà òdo sórí iyanrìn, òdo ńlá, àwa náà wà nínú rẹ̀.

"Ẹ ti gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹta," ni agégi wí, tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu. "Ṣé kí n máa kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àbí ìkíni kan ti tó?"

Abẹ́rẹ́ dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin nìyẹn tó máa bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú. "Tú atẹ́gùn inú táyà yẹn sílẹ̀."

"Ta lẹ ń bá wí?"

"Ṣé ọ̀bọ mìíràn wà níbí ni? Iyanrìn nìyí, kì í ṣe títì. Èyí tó bá le á rì, èyí tó bá rọ̀ á gun orí ẹ̀ lọ. Ojú mi ni Bàbá ṣe sọ ọ́ fún ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ rán aṣọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fẹ́ táyà. Kò sí táyà tó kúrò lọ́wọ́ mi ní rírọ̀ rí."

"Ọpọlọ ẹ nìkan ló kúrò bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ajá ló gbó o, mi ò bá ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó jáde látẹnu Abẹ́rẹ́. Mo ní, "Ẹ fà á!" A fà á. Táyà mi rì títí iyanrìn fi bo ọ̀pá irin, Ìbejì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Omi kù ní ogójì ìṣísẹ̀.

Akọ̀wé wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Agégi gbọn èérún búrẹ́dì dànù. Ó fa okùn ayùn, ayùn ké.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé ọwọ́ tó so awọ mọ́ yẹn lé imú ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó náà bí ẹni ń ti abẹ́rẹ́. Kò bú mi. Kò bú agégi. Gbogbo ayé mi, n kò tíì rí ẹnu yẹn kó wà láìṣe nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe bí akọni. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí Bàbá," mo sì fi èékánná tẹ ẹnu fáàfù. Ṣììì! Táyà mi sanra, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. A gbé ẹ̀gbẹ́ òsì, a fà, Ìbejì sì lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí agogo méjìlá lù tí omi fi gbà á lọ́wọ́ wa.

A yọ ọ̀pá táyà. Abẹ́rẹ́ ta ìgbòkun, ó gun Ìbejì. Mo dúró, mo ń retí "o ṣeun".

Ó ní, "Táyà tèmi wà lọ́wọ́ ẹ. Tí mo bá bá ihò kan ṣoṣo lára ẹ̀, màá rán imú ẹ mọ́ ètè ẹ." Afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Iyanrìn wà ní èbúté tuntun náà. Fún odidi ọdún méjìdínlógójì, tí ìgbòkun tuntun bá ti jáde, Abẹ́rẹ́ á gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi á gbé táyà mi, òun á gbé tiẹ̀, a ó fa Ìbejì lọ sómi, a kì í kí ara wa. A sin Màmá, a ṣì ń jà. Lọ́dún tó kọjá tí ilẹ̀ gba Abẹ́rẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé táyà ọ̀tún wá fún mi. "Màmi ní kí n gbé e fún yín, sà. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ kó le, àwọn á wá bá yín lójú oorun." Mi ò fẹ́ ẹ le. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ wò.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, àfi nǹkan bíńtín kan tí mo fi kún un: ọwọ́ tó tú atẹ́gùn náà. N kò kúnlẹ̀. Mo káwọ́ mọ́ àyà, mo yíjú sí òkun. Òun ló kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ líle yẹn, ó yọ abẹ́rẹ́ ìgbòkun, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ fáàfù táyà mi, kò gbójú sókè wò mí. Nígbà tí Màmá bèèrè bó ṣe jẹ́, Abẹ́rẹ́ tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Fọkanáísà ló tú u."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eyín iwájú yìí. Ó jọ pé ó ń mì.